Ẹni Tí Yóò Bá Ọmọ Yín Gbé Yàrá

Ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ni ọ̀pọ̀ yunifásítì Amẹ́ríkà máa ń retí èsì lẹ́nu ọmọ tí wọ́n ti gbà wọlé: ṣé ó ń bọ̀ ni, àbí kò bọ̀? Bí ó bá ti ní òun ń bọ̀, tó sì ti san owó àsansílẹ̀, kì í pẹ́ tí lẹ́tà mìíràn fi ń wọlé sórí íméèlì rẹ̀. Lẹ́tà kejì yìí kì í pariwo. Kò sẹ́ni tó máa torí rẹ̀ se ìrẹsì jọ́lọ́ọ̀fù fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ́fíìsì tó ń mójú tó ilé gbígbé ló kọ ọ́, ohun tó sì ń béèrè ni pé kí ọmọ náà sọ ilé tó fẹ́ wọ̀, irú yàrá tó fẹ́, àti irú ẹni tó lè bá gbé.

Ní ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá, ìbáà jẹ́ ní Houston, ìbáà jẹ́ ní Ìbàdàn níbi tí wọ́n ti ń retí físà, bàbá tàbí ìyá ló máa ń kọ fọ́ọ̀mù yìí. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Òbí ló ń sanwó, lójú òbí, ọmọ ọdún 17 kò sì tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìwé tí ẹbí máa kọ kí ọmọ tó wọ yunifásítì, ti owó ìrànwọ́, ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti adójútòfò ìlera, èyí nìkan ni mo rò pé ó yẹ kí òbí bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohun tí fọ́ọ̀mù náà ń wá kò sí lọ́wọ́ òbí.

Kì í ṣe gbogbo ibi ni ọmọ ti lè ní òun kò gbé inú ọgbà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga, pàápàá àwọn aládàáni, ló sọ ọ́ di dandan pé inú ọgbà ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní máa gbé, àfi tí ilé òbí rẹ̀ bá wà nítòsí tó sì ń ti ibẹ̀ wá. Wọ́n á tún so owó oúnjẹ mọ́ owó yàrá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò College Board fún ọdún ẹ̀kọ́ 2023 sí 2024, yàrá àti oúnjẹ nìkan, ní ìpíndọ́gba, ju $12,000 lọ lọ́dún ní yunifásítì ìjọba, ó sì ju $14,000 lọ ní ti aládàáni. Ẹni tó bá sọ iye yẹn di náírà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yàrá kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Yàrá ẹlẹ́ni kan sábà máa ń wọ́n ju ẹlẹ́ni méjì lọ. Ibi tí wọ́n bá ti há ọmọ mẹ́ta mọ́ yàrá tí wọ́n kọ́ fún méjì, wọ́n máa ń dín owó kù.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pín àwọn ọmọ sí yàrá kò dọ́gba rárá. Ní Harvard, àwọn aláṣẹ ló ń ṣe é: ọmọ á dáhùn ìbéèrè, á sì dúró de ẹni tí wọ́n bá mú fún un. Ní Stanford, ara ohun tí wọ́n ń ní kí ọmọ kọ nígbà tó ṣì ń wá ìgbàwọlé ni lẹ́tà kékeré sí ẹni tí yóò bá a gbé yàrá lọ́jọ́ iwájú. MIT ní tirẹ̀ gbà kí ọmọ wo àwọn ilé tó wà, kó tò wọ́n bó ṣe fẹ́ràn wọn sí, kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké. Àwọn tó ń gbé inú ilé kọ̀ọ̀kan a tiẹ̀ máa ya fídíò láti fi polówó ilé wọn, torí pé ilé kọ̀ọ̀kan ní ìwà tirẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, Baker House, Alvar Aalto, ayàwòrán ilé ọmọ Finland, ló ya àwòrán rẹ̀. Ó mú ògiri rẹ̀ lọ́ kọ́lọkọ̀lọ létí odò Charles kí yàrá tó pọ̀ lè máa wo omi. Ní àwọn yunifásítì ìjọba ńláńlá tí ọmọ tuntun ń wọ́ wọlé ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, íntánẹ́ẹ̀tì ló sábà ń ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n á fún ọmọ ní ọjọ́ àti wákàtí tó lè wọlé yan bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹni méjì bá sì fẹ́ jọ gbé, àwọn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dárúkọ ara wọn. Tí ẹnì kan bá kọ orúkọ èkejì tí èkejì kò kọ tirẹ̀, òfo ni.

Duke ló ṣe ohun tó mú ariwo dání. Ní ọdún 2018, yunifásítì náà kéde pé ọmọ ọdún kìíní kò ní lè yan ẹni tó máa bá gbé mọ́. Àwọn aláṣẹ ní àwọn ọmọ ti ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá ara wọn kí wọ́n tó dé, ẹni tó bá sì jọra níbi tí wọ́n ti wá ló ń so pọ̀. Ọ̀pọ̀ òbí ni inú wọn kò dùn sí i. Èmi gbà pẹ̀lú Duke, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdí tèmi yàtọ̀ sí tiwọn. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ pàdé ẹni tí kò jọ ọ́. Ní tèmi, ọmọ ọdún 18 kì í mọ ohun tó yẹ kó wò lára ẹni tó fẹ́ bá gbé. Ọ̀rẹ́ ló ń wá, bẹ́ẹ̀ ohun tó nílò ni ẹni tí oorun wọn bára mu.

Àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ti wádìí ipa tí alájọgbé ń ní, torí níbi tí wọ́n bá ti ń ṣẹ́ kèké pín yàrá, èèyàn lè rí ohun tí ẹnì kan ṣe sí ẹnì kejì láìjẹ́ pé wọ́n yan ara wọn. Bruce Sacerdote fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì Dartmouth ṣe é, ó sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2001. Ó rí i pé alájọgbé máa ń fọwọ́ kan máàkì ọmọ, ó sì ń fọwọ́ kan bóyá ọmọ á wọ ẹgbẹ́ fàájì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí kò ní wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n kò yí ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́ padà. Ìwádìí tó wù mí jù wá láti Berea, kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní Kentucky tí kì í gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ ọmọ. Níbẹ̀, Ralph Stinebrickner àti Todd Stinebrickner rí i pé ọmọ tí wọ́n bá fi sí yàrá kan náà pẹ̀lú ẹni tó gbé géèmù wá láti ilé, àkókò tó fi ń kàwé á dín kù, máàkì rẹ̀ náà á sì lọ sílẹ̀. Ẹ má sọ pé ìwà ẹni náà ló burú. Ó lè jẹ́ ọmọlúàbí, kó máa kí èèyàn láàárọ̀, kó máa gbàdúrà. Àpótí kékeré kan tó gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn ìbéèrè orí fọ́ọ̀mù fi dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Aago mélòó lo máa ń sùn? Aago mélòó lo máa ń jí? Ṣé o lè sùn tí iná bá wà ní títàn? Ṣé inú yàrá lo ti máa kàwé ni àbí ilé ìkàwé? Ṣé aṣọ máa ń wà nílẹ̀ ní yàrá rẹ? Ṣé ó wù ọ́ kí àlejò máa wá, ṣé wọ́n sì lè sùn mọ́jú? Ìbéèrè tí kò jinlẹ̀ ni wọ́n, òbí á fojú kéré wọn, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń ba nǹkan jẹ́. Ìyá tó bá ń kọ fọ́ọ̀mù á kọ ọmọ tó wù ú, kò ní kọ ọmọ tó bí. Á ní aago mẹ́wàá alẹ́ ni ọmọ òun ń sùn, bẹ́ẹ̀ ọmọ náà ń bá fóònù ṣeré lábẹ́ aṣọ ìbora títí di aago mẹ́ta òru. Á ní yàrá rẹ̀ máa ń mọ́ tónítóní, nígbà tó jẹ́ pé ìyá fúnra rẹ̀ ló ń palẹ̀ yàrá náà mọ́ láràárọ̀. Kọ̀ǹpútà kò mọ irọ́ yàtọ̀ sí òótọ́. Á lọ wá ẹni tó ń sùn ní aago mẹ́wàá ní tòótọ́, á sì so àwọn méjèèjì pọ̀. Kí oṣù Kẹsàn-án tó tán, ẹnì kan á ti máa fi ìrọ̀rí bo orí ní aago mẹ́fà ìdájí, á máa ṣépè fún ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ ẹ́ ní nǹkan kan ju pé ó jí.

Ọmọ náà lè parọ́ fúnra rẹ̀ o. Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé yunifásítì á sọ àwọn di ẹ̀dá tuntun, wọ́n á wá kọ ìwà tí wọ́n fẹ́ ní, pé àwọn á máa jí ní aago mẹ́fà láti lọ sáré. Ohun tó yẹ kí ó kọ ni bó ṣe gbé ní oṣù tó kọjá. Bí ìdáhùn náà bá ń tì í lójú díẹ̀, a jẹ́ pé òótọ́ ló kọ. Ẹni tó kọ pé òun jẹ́ ẹlẹ́gbin á rí ẹlẹ́gbin bíi tirẹ̀, wọ́n á sì jọ gbé ní àlàáfíà láàárín aṣọ tí wọn kò fọ̀.

Kí fọ́ọ̀mù tiẹ̀ tó dé, ọjà mìíràn ti ń ná lórí Instagram. Àwọn tí wọ́n gbà wọlé lọ́dún kan náà máa ń ní ojú ìwé tiwọn níbẹ̀. Oníkálukú á fi fọ́tò bíi mẹ́ta ránṣẹ́, á kọ ìlú rẹ̀ àti ohun tó fẹ́ kọ́, á ní òun fẹ́ràn kọfí, òkun àti ìrìn àjò, òun sì ń wá ẹni tó máa bá òun gbé. Ẹ bá mi wo àwọn fọ́tò náà: ọjọ́ àṣeyẹ ìjáde ilé ìwé, ọjọ́ ijó àṣekágbá, etí òkun. Kò sẹ́ni tó fi fọ́tò bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní aago mọ́kànlá àárọ̀ Sátidé síbẹ̀. Ẹ̀rín àti ẹwà ni wọ́n fi ń yan ẹni tí wọ́n máa jọ pín dígí àti ìdọ̀tí.

Mi ò ní kí ọmọ má wá èèyàn níbẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì ìjọba, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń wá. Ohun tó ń béèrè ló yẹ kó yàtọ̀. Kó bi í pé: ṣé ẹ̀ẹ̀kan ni áláàmù rẹ ń dún tí o fi ń dìde, àbí o máa ń jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀marùn-ún? Ṣé ọ̀rẹ́kùnrin rẹ wà ní ìlú tó sún mọ́ ibẹ̀, ṣé á sì máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀? Ṣé o máa ń bá àwọn ará ilé sọ̀rọ̀ lórí fóònù nínú yàrá? Ìbéèrè yìí kan àwọn ọmọ tiwa gan-an, torí bí ìyá bá pè láti Òṣogbo ní agogo mẹ́fà àárọ̀ ibẹ̀, òru ṣì ni ní Amẹ́ríkà, ìyá náà kì í sì í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Kó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀ ooru àti òtútù. Ọmọ Minnesota lè ṣí fèrèsé sílẹ̀ nínú oṣù Kọkànlá, kó ní atẹ́gùn ni òun ń gbà.

Ọ̀rọ̀ tí àwọn òbí wa fẹ́ràn jù ni ti ọmọ ojúlùmọ̀. Ọmọ pásítọ̀ wa náà ń lọ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jọ gbé, kí wọ́n lè máa ṣọ́ ara wọn. Mo lòdì sí i. Tí àlejò méjì bá jà lórí àwo tí ẹnì kan kò fọ̀, wọ́n á parí ẹ̀ síbẹ̀, tàbí kí wọ́n pín yà. Tí ọmọ ẹbí méjì tó mọra bá jà, ọ̀rọ̀ náà á dé ìpàdé àwọn ìyá ní ọjọ́ Àìkú, ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ kò sì ní lè sọ ọ́ jáde torí pé kò fẹ́ da ilé rú. Kí wọ́n gbé ilé kan náà, kí wọ́n jọ máa lọ jẹun, àmọ́ kí yàrá wọn yàtọ̀.

Ní ti ilé fúnra rẹ̀, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ni mo ní. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní ni ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ gígùn, tí yàrá wà lọ́tùn-ún lósì, tí gbogbo àjà ń lo balùwẹ̀ kan náà. Èkejì ni èyí tí yàrá méjì tàbí mẹ́ta ní pálọ̀ àti balùwẹ̀ tiwọn. Òbí tó bá rí méjèèjì á yan èkejì láìronú, nítorí ó tuntun, ó sì mọ́. Fún ọmọ tí kò mọ ẹnikẹ́ni, èkíní ni mo máa yàn. Ibi tí èèyàn ogójì ti ń fọ eyín lójú agbada kan náà, orúkọ kì í pẹ́ di mímọ̀. Nínú ilé tuntun tó ní balùwẹ̀ tirẹ̀, ọmọ lè lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó má mọ ẹni tó wà lẹ́yìn ògiri.

Àmọ́ ẹ wo ògiri yẹn dáadáa. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Howard ní Washington gba Blackburn, ilé ìpàdé tó wà nínú ọgbà wọn, wọ́n sì sùn síbẹ̀ fún ohun tó ju oṣù kan lọ, ara ohun tó sì ń bí wọn nínú ni ìbu tó ń hù lára ògiri ilé gbígbé. Howard ni Nnamdi Azikiwe ti kàwé rí, orúkọ ńlá ni lójú àwa ará Nàìjíríà. Orúkọ ńlá kò sọ pé ilé á gbẹ. Ọjọ́ tí wọ́n bá mú yín rìn yíká ọgbà, yàrá tí wọ́n tún ṣe fún àlejò ni wọ́n máa fi hàn yín. Ẹ ní kí ọmọ bá ẹni tó gbé ilé náà lọ́dún tó kọjá sọ̀rọ̀. Kó béèrè bóyá ẹ̀rọ amúlétutù wà, torí ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn kò ní in, ooru òpin oṣù Kẹjọ níbẹ̀ sì lè mú ọmọ Èkó sunkún. Bẹ́ẹ̀dì ibẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ínǹṣì 38, gígùn rẹ̀ ínǹṣì 80. Bẹ́dìṣíìtì aláràbarà tí ìyá rà ní ọjà Balógun kò ní bá a mu.

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin nínú ilé kan náà ṣì máa ń já àwọn òbí wa láyà. Kì í ṣe nǹkan tuntun: ní ọdún 1970 ni ìwé ìròyìn Life gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Oberlin sí iwájú ìwé, tó fi di ohun tí wọ́n ń sọ káàkiri Amẹ́ríkà. Lónìí, òun ló wọ́pọ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ibi ṣì máa ń ya àjà kan tàbí ilé kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan, ọmọ Mùsùlùmí tó ń bo irun sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè fún un, kó má tijú. Kó sì sọ fún alájọgbé rẹ̀ ṣáájú pé òun máa ń dìde kírun Àsùbáà, pé òun á tan iná kékeré, pé kò ní ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ. Ohun tí èèyàn bá ti gbọ́ tẹ́lẹ̀ kì í bí i nínú bíi èyí tó jí bá.

Àwọn ilé kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú. Du Bois College House ti wà ní yunifásítì Pennsylvania láti ọdún 1972. Stanford ní Ujamaa. Ilé wọ̀nyí kì í ṣe ti àwọn ọmọ Áfíríkà àtọ̀húnwá nìkan, ọmọ tó bá sì ti Ìbàdàn dé á rí i pé àwọn tó bá níbẹ̀ ní ìtàn tó yàtọ̀ sí tirẹ̀. Bó ti wù kó rí, fún ọmọ tí kò tíì gbé ìlú tí wọ́n ti ń fi àwọ̀ mọ̀ ọ́n rí, ó dára kí ilé kan wà tí kò ti ní máa ṣàlàyé irun orí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Ẹ ka ìwé ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ kí ẹ tó di ẹrù. Àbẹ́là kò gbọ́dọ̀ wọlé, tùràrí kò gbọ́dọ̀ wọlé, sítóòfù àti hítà kò gbọ́dọ̀ wọlé. Irin ìgbómikaná tí à ń kì bọ garawa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì Nàìjíríà, ẹ fi sílẹ̀ sílé. Fíríìjì kékeré àti máíkírówéèfù ni ọ̀pọ̀ ibi máa ń gbà láàyè. Ọmọ tó bá din dòdò ní ilé ìdáná àjà, tí èéfín bá dé ara aago iná, gbogbo ilé ló máa jáde síta nínú òjò dídì, wọ́n á sì mọ ẹni tó ṣe é. Ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tó ti dì nínú fíríìsà kì í dá wàhálà sílẹ̀. Irú àti ògìrì ni kó fi ìdérí dè dáadáa, kó sì fún alájọgbé tọ́ wò kí òórùn tó bá a lójijì.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì, akẹ́kọ̀ọ́ àgbà kan tó ń gbé àjà náà, tí wọ́n ń pè ní RA, á pe àwọn alájọgbé jókòó, á ní kí wọ́n kọ àdéhùn. Yàrá lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí owó díẹ̀ ni wọ́n fi ń san án fún RA, òun náà ní ìdánwò tirẹ̀, torí náà ó lè fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tètè parí. Àwọn ọmọ náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́ síra wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n pe òun ní oníwàhálà. Wọ́n á kọ “kò sí ìṣòro” sí iwájú gbogbo ìbéèrè. Ìwé àdéhùn yìí gan-an ni òbí Yorùbá yẹ kí ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ lé lórí kí ọmọ tó kúrò nílé, ju bó ṣe ń bá a sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa bá gbé lọ. Tó bá ti di aago mélòó ni iná ńlá máa kú? Ta ló ni fíríìjì, ta ló sì lè jẹ nínú rẹ̀? Ọ̀rẹ́ tó bá fẹ́ sùn mọ́jú, ọjọ́ mélòó ṣáájú ni wọ́n máa sọ? Bí ọ̀kan bá ń kàwé fún ìdánwò, ṣé èkejì á lo yíápíìsì? Kí wọ́n kọ aago síbẹ̀, kí wọ́n kọ iye síbẹ̀. “Ká máa gba ti ara wa rò” kò lè parí ìjà kankan.

Ọmọ tí a fi “dákẹ́ ẹnu ẹ” tọ́ kì í mọ bí a ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Á gbé e mì. Á gbé òmíràn mì. Ní ọjọ́ tó bá wá yọ, á yọ pẹ̀lú gbogbo ohun tó ti wà nílẹ̀ láti oṣù Kẹjọ, ojú á sì ya alájọgbé tí kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó lọ bọ́dìn ní Nàìjíríà dára jù nínú èyí lápá kan: ó ti gbé pẹ̀lú ogún èèyàn nínú yàrá kan, ariwo kò lè pa á. Lápá kejì, ìfaradà yẹn náà ló ń ṣe é ní ibi, torí ó ti kọ́ láti fara da ohun tí kò yẹ kó fara dà. Ó tún ní àṣà kan tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì ní Ifẹ̀ tàbí Ìbàdàn mọ skwọ́tà dáadáa, ẹni tí kò rí yàrá gbà tó wá ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà títí sáà fi parí. Àánú ni lọ́dọ̀ wa. Ní Amẹ́ríkà, ìwọ̀nba òru díẹ̀ ni àlejò lè lò, alájọgbé sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fi ìbátan pamọ́ síbẹ̀ lè pàdánù yàrá náà.

Nígbà tí nǹkan bá dàrú, òbí á fẹ́ gbé fóònù. Kó rántí pé òfin kan wà láti ọdún 1974, FERPA, tó gbé àṣẹ lórí ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ kúrò lọ́wọ́ òbí lọ sọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀ ní kété tó bá ti wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga. Ẹni tó gbé fóònù ní ọ́fíìsì ilé gbígbé á fetí sílẹ̀ dáadáa, á dúpẹ́, kò sì ní sọ nǹkan kan tó ṣe gúnmọ́. Ọmọ ló gbọ́dọ̀ lọ bá RA. Ó sì lè jẹ́ pé RA á ní kó dúró, torí ọ̀pọ̀ ibi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni pààrọ̀ yàrá ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, títí wọ́n á fi mọ ẹni tó dé àti ẹni tí kò dé. Tí ọ̀rọ̀ bá kan ìhàlẹ̀, olè tàbí ìfọwọ́kàn, kò gbọ́dọ̀ dúró rárá. Kó pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà lóru náà.

Ọmọ tó bá ń ti ilé bọ̀ pẹ̀lú F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ní ọ̀rọ̀ méjì sí i. Kò gbọ́dọ̀ wọ Amẹ́ríkà ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ilé gbígbé lè má ṣí títí di ọjọ́ díẹ̀ sí ìgbà náà. Kó kọ̀wé béèrè kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì. Èkejì ni ti ìsinmi Kérésìmesì. Ọ̀pọ̀ ilé gbígbé máa ń ti ìlẹ̀kùn pa láti àárín oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kìíní, wọ́n á sì ní kí gbogbo èèyàn lọ sílé. Ilé ta? Àwọn ilé kan wà tí kì í tì, orúkọ wọn máa ń wà lórí fọ́ọ̀mù, àmọ́ ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní Maryland kì í kà á. Fún ọmọ tó ti Abẹ́òkúta wá, ìlà kékeré yẹn ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ amúlétutù lọ.

Bí ọmọ bá sì rò pé òun ti bọ́ nínú ọ̀rọ̀ yíyan, kò ní pẹ́ tí wọ́n á tún fi béèrè. Ní Harvard, nígbà tí ọdún kìíní bá fẹ́ parí, àwọn ọmọ á kó ara wọn jọ, wọn kò gbọ́dọ̀ ju mẹ́jọ lọ, kí wọ́n tó ṣẹ́ kèké pín wọn sí ilé méjìlá tí wọ́n máa gbé títí wọ́n á fi jáde. Ní ìlú yunifásítì bíi Madison, tí ilé ìgboro ti ṣọ̀wọ́n, àwọn onílé ti máa ń wá ayálégbé fún oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀ láti ìgbà ìwọ́wé. Ọmọ tí kò tíì ṣe ìdánwò sáà àkọ́kọ́, tí kò tíì fi oṣù mẹ́ta mọ ẹnikẹ́ni, ni wọ́n á ní kó fọwọ́ síwèé ilé ọlọ́dún kan pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin tó bá pàdé nílé oúnjẹ. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sí fọ́ọ̀mù tó máa bi í ní aago tí ẹnikẹ́ni nínú wọn ń sùn, kò sì sí RA tó máa pè wọ́n jókòó.